Dadakúàdà Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára: Ohùn Wà, Àwùjọ Dà?

Ẹni tó bá ń wá dadakúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú lónìí kò ní láti wọ Ọjà Tuntun ní Ìlọrin lọ wá kásẹ́ẹ̀tì rà. Orí YouTube, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ni yóò ti gbọ́ apohùn tó papò dà lọ́dún 1997. Èrè ńlá ni.

Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ alohùn kì í ṣe ohùn lásán. Ẹni tí à ń kì, ìgbà tí a kì í, àti àwọn tó wà níkàlẹ̀ wà lára ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo bí Odòlayé ṣe ki Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí àwọn ológun pa ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ lè pe ìdárò ní ìpolówó òṣèlú. Nígbà mìíràn, ẹni tó gbé e sórí ayélujára ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù, ó sì ti fún un ní àkọlé tí yóò fa èrò (akéwì kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀).

Èsì tí òǹgbọ́ ń kọ sábẹ́ fídíò kò sì lè dípò ègbè. Lóde àríyá, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apohùn níwájú lè yí oríkì padà lójú ẹsẹ̀. Èsì láti Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe èyí.

Kí olùkọ́ tó gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé e lọ bá àgbàlagbà Ìlọrin tó mọ agbo dadakúàdà, kó bi í pé: ta ni wọ́n ń kì níhìn-ín?