Gìtá Méjì Tó Ń Dá Ara Wọn Lóhùn

Nígbà tí àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn orin Creem ní Amẹ́ríkà dìbò lórí ọdún 1973, New York Dolls ni wọ́n yàn ní ẹgbẹ́ tuntun tó dára jù, àwọn náà ni wọ́n tún yàn ní èyí tó burú jù. Àwọn tó bú wọn ní wọn ò mọ gìtá ta, pé tìróò, ìkunètè àti bàtà gogoro lásán ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bàtà. Ti gìtá yẹn ni mi ò gbà.

Ẹ gbọ́ Personality Crisis, orin tó ṣí àwo wọn àkọ́kọ́, èyí tí Todd Rundgren darí. Ẹ fi etí kan tọ Johnny Thunders lẹ́yìn, kí ẹ fi ìkejì tọ Sylvain Sylvain. Thunders ni ìyá ìlù: òun ló ń sọ̀rọ̀, á fa okùn gìtá títí ohùn rẹ̀ á fi yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló máa ń dá a padà. Sylvain, tí wọ́n bí sí Cairo ní Íjíbítì, ni omele. Ṣókí ṣókí ló ń ta tiẹ̀, sínú àyè tí ẹnì kejì bá fi sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ariwo ló kù. David Johansen wá ń lé orin lórí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó há, tó sì ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn yòókù ń gbè é. Orin àwọn ọmọbìnrin ayé 1960 ni wọ́n ti kọ́ ègbè yẹn. Shadow Morton tó ṣiṣẹ́ fún àwọn Shangri-Las, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọbìnrin wọ̀nyẹn, ló sì darí àwo wọn kejì lọ́dún 1974.

Owó ò wọlé, oògùn olóró ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Lọ́dún 1975, Thunders àti Jerry Nolan onílù fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Florida. Malcolm McLaren, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá wọn ṣètò nǹkan nígbà náà, padà sílé pẹ̀lú gìtá Sylvain. Ọwọ́ Steve Jones, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì Sex Pistols, ni gìtá náà bọ́ sí. Ogún mìíràn kì í hàn tó báyìí.

Ọmọ Manchester kan, Morrissey, tó ti ṣe olórí àwọn olólùfẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di olórin, ló pè wọ́n jọ lóṣù Kẹfà ọdún 2004 fún àjọ̀dún orin Meltdown ní Royal Festival Hall. Àwọn mẹ́ta péré ló kù láyé nígbà náà. Billy Murcia, onílù wọn àkọ́kọ́, kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1972, Thunders kú lọ́dún 1991, Nolan tẹ̀ lé e lọ́dún 1992. Arthur Kane tó ń ta báàsì ti di ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí ìtàn ìdílé wọn ní Los Angeles. Àwọn ará ìjọ ló ràn án lọ́wọ́ láti gba gìtá rẹ̀ padà níbi tó ti fi dógò. Ó ta báàsì náà ní Lọ́ńdọ̀nù, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì pa á lóṣù Keje.

Steve Conte tó dúró ní àyè Thunders kò sín in jẹ, ọgbọ́n nìyẹn. Sami Yaffa wá gba ipò Kane: ọmọ Finland ni, láti inú Hanoi Rocks, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà Dolls ló tọ̀. Lọ́dún 2006 wọ́n gbé àwo tuntun jáde lẹ́yìn ọdún 32. Ohùn Johansen ti wálẹ̀, ó ti nípọn, àwàdà inú rẹ̀ kò sì dín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 2009, tí Rundgren padà wá darí. Wọ́n tún Trash kọ níbẹ̀ ní régè. Ní 1973, eré ni orin yẹn ń sá, ó sì rọrùn láti rò pé eré náà ló gbé e ró. Wọ́n yọ eré kúrò, orin dúró ṣinṣin. Gìtá tó ń dún ṣókí láàárín ìlù ni régè fi ń rìn, iṣẹ́ tí Sylvain sì ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí gbogbo ayé ń wo Thunders.