Èdè Kì í Ṣe Kókó-Ọ̀rọ̀: Àríwísí lórí Títo Ìwé Yorùbá ní Ilé-Ìkàwé Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé mu púpọ̀, nítorí pé ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ń to ìwé ni kí ó mọ ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan dá lé, kí ó sì fi í sí ibi tí ó tọ́ sí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ àṣà kan wò tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama, ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àti ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àṣà náà ni pé gbogbo ìwé tí a bá ti fi èdè Yorùbá kọ ni a máa ń kó jọ sórí pẹpẹ kan ṣoṣo tí a kọ 'YORÙBÁ' sí lára, ohun yòówù kí ìwé náà máa sọ. Èrò wa ni pé àṣà yìí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kankan kò pète láti kọ́ ọ: pé Yorùbá jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí a ń ṣe ní kíláàsì, kì í ṣe èdè tí a lè fi kọ́ iṣẹ́ gbogbo.

Ètò Ìsọ̀rí Dewey ní Ṣókí

Ètò tí ó gbilẹ̀ jù lọ ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí tí Melvil Dewey, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1876. Dewey pín ìmọ̀ sí ìsọ̀rí ńlá 10, láti 000 títí dé 900. Lára wọn ni 200 tí í ṣe ti ẹ̀sìn, 300 ti ìmọ̀ àwùjọ, 400 ti èdè, 500 ti sáyẹ́ǹsì, 600 ti ìmọ̀ tí a ń fi ṣiṣẹ́ bí ìṣègùn àti iṣẹ́ àgbẹ̀, 800 ti lítíréṣọ̀, àti 900 ti ìtàn àti jọ́gíráfì. Ìsọ̀rí ńlá kọ̀ọ̀kan tún pín sí 10, ìpín kọ̀ọ̀kan sì tún ń pín sí i. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní 630. Nígbà tí a bá dé 639.2, ẹja pípa ni a ń sọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń gùn sí i ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe pàtó sí i.

Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé kókó-ọ̀rọ̀ ni ó ń pinnu àyè ìwé nínú ètò yìí. Inú 400 àti 800 nìkan ni èdè ti ní agbára gidi. Ìwé gírámà Yorùbá yóò wà ní 496.333. Lítíréṣọ̀ Yorùbá yóò wà ní 896.333, tí a ó fi 1 kún bí ó bá jẹ́ ewì, 2 bí ó bá jẹ́ eré-onítàn, àti 3 bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ. Nípa bẹ́ẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 yóò jókòó sí 896.3333, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá yóò sì wà ní 896.3332. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò tí a fi Yorùbá kọ, 513 ni ibùjókòó rẹ̀. Ìwé tí ó ń kọ́ni bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́, 633.68 ni, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́.

Ohun tí Pẹpẹ Kan Ṣoṣo Ń Ṣe

Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6. Kí ètò náà tó lè rìn, ó di dandan kí a kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá. Ìwé náà wáyé, àwọn ọmọ kà á, ètò náà sì fi hàn pé èdè abínibí kò dí ọmọ lọ́wọ́ ìmọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: bí irú ìwé sáyẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ bá dé ilé-ìkàwé kan ní Ìkòròdú lónìí, níbo ni a ó fi í sí? Bí a bá tẹ̀lé àṣà tí a ń wí yìí, àárín ìwé àlọ́ àti ìwé ìtàn àròsọ ni yóò há sí. Ọmọ tí ó ń wá bí ewéko ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn yóò lọ sí pẹpẹ 580, ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kò sí sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, ṣùgbọ́n pẹpẹ ti sọ ọ́. Ọmọ náà lè di olùkọ́ lọ́la, kí òun náà sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

A kò ṣàìmọ̀ pé àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre. Ìwé Yorùbá kò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá tú wọn ká, wọ́n lè sọnù sáàárín ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó kàn fẹ́ ka Yorùbá pẹ̀lú sì ní ẹ̀tọ́ láti rí i láìjìyà. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá kò ju àmì tí yóò fi èdè ìwé hàn. A lè fi àmì sí ìwé lára láìlé e kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àléébù Ètò Dewey Fúnra Rẹ̀

Kí a má baà rò pé ètò Dewey kò lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ìsọ̀rí 200. Bíbélì àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ni ó gba 220 títí dé 280. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba 297, a sì há àwọn ẹ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ inú 299.6, níbi tí ti Yorùbá ti di 299.68333. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní 800: lítíréṣọ̀ Faransé ní gbogbo 840, ti Jámánì ní 830, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà ni ó ń pín 896 láàárín ara wọn.

Ifá ni ó fi ìṣòro yìí hàn jù. Ẹni tí ó bá wò ó bí ẹ̀sìn yóò fi í sí 299.68333. Ẹni tí ó bá wò ó bí ìwoṣẹ́ yóò fi í sí 133.3, níbi tí àjẹ́ àti oṣó wà nítòsí ní 133.4. Ẹni tí ó kà á sí ìtàn ẹnu yóò gbé e lọ sí 398, ẹni tí ó kà á sí ewì yóò sì gbé e lọ sí 896.3331. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní 1968 lè bá ara rẹ̀ ní èyíkéyìí nínú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí olùkọ́ bá fi í sí jẹ́ ìdájọ́ tí ó ṣe lórí Ifá, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní tiwa, ẹsẹ Ifá ni ó kún inú ìwé náà. Nítorí náà, àárín ewì ni ó yẹ ẹ́, kí àkọsílẹ̀ ìwé sì tún tọ́ka sí i lábẹ́ ẹ̀sìn.

Irú ìṣòro yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí Dorothy Porter bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó àkójọ ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1930, ó rí i pé àwọn ilé-ìkàwé mìíràn máa ń kó ìwé tí aláwọ̀ dúdú bá kọ sí 325 tàbí 326, èyí tí í ṣe ti ìjọba amúnisìn àti òwò ẹrú, kódà bí ó bá jẹ́ ewì. Porter kọ̀ jálẹ̀. Ó fi ewì sáàárín ewì, ó fi ìtàn sáàárín ìtàn. Ohun tí ó tako ni kí a wo ẹni tí ó ni ìwé dípò ohun tí ìwé ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti pẹpẹ 'YORÙBÁ' tiwa kò tó nǹkan.

Ọ̀nà Àbáyọ

Àbá mẹ́ta ni a mú wá, kò sì sí èyí tí ó nílò owó púpọ̀. Èkíní, kí a to gbogbo ìwé bí kókó-ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí. Èkejì, kí a kọ lẹ́tà Y sókè nọ́ńbà tí ó wà ní ẹ̀yìn ìwé Yorùbá, tàbí kí a lẹ bébà aláwọ̀ kan mọ́ ọn, kí ojú lè tètè rí i. Ní ti lítíréṣọ̀, ètò Dewey fúnra rẹ̀ gba ilé-ìkàwé láàyè láti fi lẹ́tà gbé lítíréṣọ̀ èdè àdúgbò síwájú 810. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ lè lò ó.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe kókó jù: kí a ṣe atọ́ka kókó-ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Àkójọ kókó-ọ̀rọ̀ tí Minnie Earl Sears ṣe ní 1923 fún àwọn ilé-ìkàwé kékeré, Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ etí ọ̀sà yóò fi bèèrè ìwé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ kan lè wá ẹ̀gẹ́, èkejì lè wá gbágùúdá, ẹ̀kẹta lè wá pákí. Kí atọ́ka darí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 633.68. Kí 'ẹja pípa' darí ọmọ sí 639.2, kí 'àlọ́' darí rẹ̀ sí 398.2, 'òwe' sí 398.9, 'ìtàn Ìkòròdú' sí 966.9. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè ṣe irú atọ́ka yìí ní àsìkò ìdánrawò wọn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Ìlànà lè lọ, ó lè bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni pẹpẹ ìwé wà. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí á wo inú ìwé kí á tó fún un ní nọ́ńbà. Bí ọmọ bá bá ìwé Yorùbá kan ṣoṣo pàdé láàárín ìwé sáyẹ́ǹsì, yóò mọ̀ pé èdè òun dé ibẹ̀, yóò sì bèèrè ìdí tí kò fi ju ẹyọ kan lọ. Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ilé-ìkàwé mú jáde lẹ́nu ọmọ.