Ọ̀nà Ìsọ̀tàn nínú Àwo 'Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́' ti Ebenezer Obey

Lára àwọn àwo orin tí ó kọ́kọ́ wọ àwọn ọmọdé ìgbà rẹ̀ lọ́kàn ni The Horse, the Man and His Son, tí Ebenezer Obey gbé jáde ní 1973. Ẹṣin ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Obey fi kọrin, òun náà sì ni aráyé fi ń pe àwo ọ̀hún. Ìtàn náà kì í ṣe tuntun: ìbáà ṣe baba ni ó gùn ún, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe àwọn méjèèjì, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, ayé bá wọn wí. La Fontaine ará Faransé ti fi í kéwì ní 1668.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sáré kọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, ìwàásù ni ó kọ, kì í ṣe lámèyítọ́. Sùúrù asọ̀tàn ni iṣẹ́ ọnà Obey. Àwo àtijọ́ oníṣẹ́jú mẹ́ta kò lè gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwo ńlá ni ó fún un láàyè kí ẹ̀gàn kan máa tẹ̀lé òmíràn, kí ìlù má sì dá. Àwítúnwí yìí gan-an ni ọmọdé fẹ́ràn: ó ti mọ̀ pé ẹnu ayé kò ní sinmi, síbẹ̀ ó ń retí ohun tí wọn yóò tún wí.