Àkísà Àgbà: Àwòrán Kòlósíọ̀mù tí Piranesi Fín sí Bàbà

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ló bá àwòrán tí mo fẹ́ yẹ̀ wò mu. Giovanni Battista Piranesi ló yà á, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí nítòsí Fẹ́níìsì ní 1720, tó sì kú sí Róòmù ní 1778. Ilé tó yà ni Kòlósíọ̀mù, gbọ̀ngàn ìran-wíwò ńlá tí Ọba Vespasian bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Titus sì ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ó ya ilé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó yà ní 1776, níbi tó ti ń wò ó láti òkè bí àwòdì, ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ti rí ìyá aládìrẹ níbi tó ti ń fi ẹ̀kọ kọ ara aṣọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Piranesi ṣe ń fi ìda bo pátákó bàbà, tó ń fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà, tó sì ń kì í bọ ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ṣí nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Ibi tó bá fẹ́ kó fúyẹ́, á tètè bò ó padà. Ibi tó bá fẹ́ kó dúdú kirikiri, á dá a padà sínú ásíìdì léraléra. Lẹ́yìn náà ni á fi íńkì kùn ún, á nù ún, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n ti fi omi rin. Nítorí pé ohun tó wà lápá ọ̀tún lára bàbà á bọ́ sápá òsì lórí bébà, òdìkejì ló gbọ́dọ̀ yà.

Iyì àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni ojú òkè yẹn. 1783 ni ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gun bàlúùnù lọ sójú òfuurufú. Piranesi ti fi ọpọlọ débẹ̀ ní ọdún méje ṣáájú, torí ẹ̀kọ́ ilé-kíkọ́ ló kọ́.

Iyì kejì ló tóbi jù: kò fi àkísà àgbà pamọ́. Ìsẹ̀lẹ̀ 1349 ti wó apá kan ògiri ìta, àwọn ará ìlú sì ti kó òkúta ibẹ̀ lọ kọ́ ilé mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ló yà. Ó tún ya àgbélébùú àti àwọn ojúbọ kéékèèké tó yí àárín gbọ̀ngàn náà ká. Póòpù Benedict Kẹrìnlá ló ya ilé náà sí mímọ́ fún àwọn ajẹ́rìíkú ní 1749, èyí sì wà lára ohun tó dá àwọn akókùúta dúró. Ohun tó ba ilé jẹ́ àti ohun tó gbà á sílẹ̀, méjèèjì wà nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n a kì í torí iyì ká má sọ àbùkù. Piranesi a máa bù kún nǹkan. Ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ kéré bí èèrà kí ògiri lè dà bí òkè. John Flaxman, agbẹ́kùúta ará Ìlú Ọba tó dé Róòmù ní 1787, rí i pé àwọn ahoro náà kò tó bí àwòrán Piranesi ṣe mú òun rò. Àbùkù kejì ni pé ẹwà òkúta ti bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó ìkógun ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì kú níbẹ̀ kí òǹwòran lè pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ṣọ́ra. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ lẹ́yìn ikú Piranesi. Ìjọba Póòpù ra àwọn pátákó bàbà náà ní 1839, Róòmù ni wọ́n sì wà títí dòní. Bí a bá ti ń tẹ bàbà pẹ́ tó ni ìlà rẹ̀ ń parẹ́ tó. Ojúlówó a máa ní ojú ibi tí etí bàbà ti tẹ bébà wọlé. Ti kàlẹ́ńdà kì í ní in.

Kí ló kàn wá ní ìdálẹ̀ níbí? Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Àwòrán kò lè gbé ògiri ró. Àṣẹ tí a tẹ̀ lé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàṣẹ lórí ohun tí kò mọ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí síbí, fọ́tò ilé tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà nìkan ni wọ́n mọ̀ sí ilé. Bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, ẹ ya ilé àgbà náà, pẹ̀lú ògiri tó sán àti páànù tó dípẹtà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tí ẹ yà á sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ilé wa kò ní di ahoro o. Àṣẹ.