Àmì Ìràwọ̀ Ara Bọ́ọ̀lù: Ìṣelámèyítọ́ Àkọsílẹ̀ Kan Tí Wọ́n Ní Ó Lábàwọ́n

Ní ìlú Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, ilé kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ fún ìrántí àwọn akọni eré bésíbọ́ọ̀lù. Lára ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ilé yìí ni bọ́ọ̀lù kan tí a gé àmì ìràwọ̀ sí lára. Bọ́ọ̀lù náà ni Barry Bonds gbá ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ní pápá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco, tí ó fi kọjá iye tí Hank Aaron gbá ní gbogbo ọdún tí ó fi ṣeré. Bọ́ọ̀lù náà rí àyè níbẹ̀. Ẹni tí ó gbá a kò tíì rí àyè láàrin àwọn tí a gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri. Àmì yìí ni a fẹ́ kà nínú àpilẹ̀kọ yìí bí ẹni ń ka ewì, kí a lè mọ ohun tí ó sọ, àti ohun tí ó yẹ kí ó sọ tí kò sọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò wo eré yìí rí. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹlòmíràn a fi ọ̀pá gbá a. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fò kọjá odi pápá láàrin ìlà méjì tí a là kalẹ̀, apá ẹnikẹ́ni kò ká a mọ́. Ẹni tí ó gbá a yóò yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká padà sí ibi tí ó ti gbéra. Home run ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àgbáfò ni àwa ó máa pè é níhìn-ín, títí tí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìperí jù wá lọ yóò fi rí èyí tí ó dára jù ú.

Nínú eré yìí, iye ti di orúkọ. Bí a bá dá 16 tàbí 256 sọ létí ẹni tí ó mọ Ifá, kò ní béèrè pé kí ni a kà. Bẹ́ẹ̀ ni 60 àti 714 rí létí àwọn àgbà Amẹ́ríkà: Babe Ruth ni. Òun ni ó gbá àgbáfò 60 ní sáà ọdún 1927, tí ó sì fi eré sílẹ̀ ní 1935 pẹ̀lú 714. Roger Maris gbá 61 ní 1961. Hank Aaron, adúláwọ̀ tí a bí ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, kọjá 714 ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974, láàrin lẹ́tà èébú àti ìhalẹ̀ ikú tí àwọn tí kò fẹ́ kí adúláwọ̀ borí Ruth ń kọ sí i. Ó dúró sí 755 ní 1976. Mark McGwire gbá 70 ní 1998, Sammy Sosa tí ó ń bá a du ú gbá 66. Bonds gbá 73 ní 2001, 762 sì ni àpapọ̀ tirẹ̀ nígbà tí sáà 2007 parí.

Àmì ìràwọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Maris ń sún mọ́ iye Ruth, Ford Frick tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà eré náà kéde pé bí Maris kò bá kọjá 60 láàrin eré 154, bí sáà ti gùn tó láyé Ruth, a ó fi àmì ọ̀tọ̀ sí iye rẹ̀, nítorí eré 162 ni ó wà nínú sáà tuntun. Kí òǹkàwé mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni Frick tẹ́lẹ̀, ó sì ti bá Ruth kọ àwọn nǹkan tí a fi orúkọ Ruth tẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ ni ó ń ṣọ́ ogún ọ̀rẹ́. Nígbẹ̀yìn, ìràwọ̀ kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ lò. Wọ́n kàn to iye méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ti eré 154 àti ti eré 162. Síbẹ̀, ìràwọ̀ ni gbogbo ènìyàn rántí. Maris kú ní 1985. Ọdún 1991 ni ìgbìmọ̀ tí kọmíṣọ́nnà Fay Vincent darí tó pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ẹni tí a kò tẹ ìràwọ̀ sí lára gbé e wọ sàréè.

Ti Bonds kì í ṣe àhesọ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Marc Ecko, oníṣòwò aṣọ, ra bọ́ọ̀lù náà ní dọ́là 752,467 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ó sì ní kí ará ìlú dìbò: kí a gbé e fún Cooperstown bí ó ti wà, kí a fi àmì ìràwọ̀ sí i, tàbí kí a fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e jù sí òfuurufú. Àwọn tí ó ní kí a fi àmì sí i ni ó pọ̀ jù, ìpín 47 nínú 100. Ó dé Cooperstown ní 2008.

Àwa olùkọ́ èdè kò ṣàjèjì sí àmì yìí. Nínú ìwé, ó ń rán ojú òǹkàwé lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, níbi tí àlàyé wà. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, bí a bá kọ *Adé ìwé rà, ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ pé ọmọ Yorùbá kan kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn èdè ní tiwọn a máa fi í síwájú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí inú àwọn èdè tí ó tan mọ́ra fi hàn pé yóò ti wà rí.

Èwo nínú wọn ni ti ara bọ́ọ̀lù? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù kò ní ìsàlẹ̀ ojú ewé. Àmì náà nawọ́ sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Ẹ̀sùn ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a fi sùn. Bí ó bá sì jẹ́ ti gírámà, irọ́ ni ó pa. Gbólóhùn onírààwọ̀ kò ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mike Bacsik ju bọ́ọ̀lù yìí, Bonds gbá a, ó fò, gbogbo àwọn tí ó wà ní pápá sì rí i. Lójú tiwa, àléébù iṣẹ́ ọnà Ecko nìyí: ó ya àmì tí ó lágbára, ó sì fi òǹkàwé sílẹ̀ láìsí ìwé.

Kí ni ìbá wà nínú àlàyé náà? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, akọ̀ròyìn kan rí ìgò androstenedione nínú àpótí McGwire. Títà ni wọ́n ń tà á ní gbangba nígbà náà, eré bésíbọ́ọ̀lù kò sì fòfin dè é títí di 2004. Àwọn aláṣẹ eré náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara àwọn òṣèré wò káàkiri fún sítẹ́rọ́ìdì àfi ní 2003, ọdún kan náà tí àṣírí BALCO, ilé iṣẹ́ kan ní Burlingame ní California, tú. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Bonds jẹ́rìí pé òróró èso flaxseed àti ìpara oríkèé ríro ni òun rò pé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ òun ń fún òun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2007. Ní 2011 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kò fẹnu kò lórí ẹ̀sùn irọ́ pípa lábẹ́ ìbúra, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi pé ó dí ìdájọ́ lọ́wọ́. Ní 2015 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìyẹn náà. McGwire ní tirẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2010. Ìròyìn tí George Mitchell gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 dárúkọ òṣèré 89. Bud Selig, kọmíṣọ́nnà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, wọ ilé ìrántí Cooperstown ní 2017, láìsí ìràwọ̀.

Ìṣòro ìtumọ̀ kan wà tí ó dá wa dúró níhìn-ín. Bí a bá sọ fún àgbà ọdẹ kan pé Bonds lo oògùn, yóò béèrè pé kí ni ó burú níbẹ̀. Ìjálá a máa yin ọdẹ tòun ti oògùn rẹ̀, ìtàn ìjàkadì wa sì kún fún àwọn tí ó gbára dì kí wọ́n tó bọ́ sí agbo. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀bi nínú lédè wa. Ẹ̀tàn ni ó ní ẹ̀bi: kí a fi ẹnu kan ṣe ìlérí pé agbára ara lásán ni a ó fi figagbága, kí a tún lọ gba ẹ̀yìnkùlé fi kún un. Bí a bá fi ojú yìí wò ó, kì í ṣe Ruth tàbí Aaron ni a jà lólè. (Aaron fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991 pé òun gbé oògùn amfẹ́tamíìnì mì lẹ́ẹ̀kan rí, kò sì bá òun lára mu.) Òṣèré tí ó kọ̀ láti lo oògùn, tí ipò rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó, ni a jà lólè. Kò sí iye kankan tí ìwé lè tò fún un, àmì ìràwọ̀ kò sì dárúkọ rẹ̀.

Lílò kẹta tí a sọ ṣẹ́ kù, ti ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ rí. Títí di 1947 tí Jackie Robinson wọlé, kò sí àyè fún adúláwọ̀ nínú líìgì ńlá. Josh Gibson, tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn adúláwọ̀, kú ní oṣù Kìíní ọdún náà gan-an. Pátákó idẹ rẹ̀ ní Cooperstown sọ pé àgbáfò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Nígbà tí wọ́n da àkọsílẹ̀ líìgì àwọn adúláwọ̀ pọ̀ mọ́ ti líìgì ńlá ní 2024, àgbáfò tí wọ́n rí ìwé ẹ̀rí fún kò tó 200, nítorí pé ọ̀pọ̀ eré tí ó ṣe kò sí lára eré líìgì, ọ̀pọ̀ ni a kò sì kọ sílẹ̀ dáadáa. 800 yẹn ni ìràwọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn èdè tọ́ sí: a kò rí i, a sì gbà pé ó sún mọ́ òtítọ́. Àmọ́ 714 Ruth, tí ó gbá láìjẹ́ pé ajubọ́ọ̀lù adúláwọ̀ kan dojú kọ ọ́ nínú líìgì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé ọ̀bẹ sí i.

Nígbà tí Aaron Judge gbá 62 ní 2022, ọmọ Maris sọ pé Judge ni ó yẹ kí a kà sí ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ tòótọ́. A mọ ohun tí ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n oríkì ni ó ń wá nínú ìwé ìṣirò. Ìwé ìṣirò kò mọ ìwà. Bọ́ọ̀lù tí ó fò nìkan ni ó mọ̀. Pátákó idẹ Cooperstown ni ó sún mọ́ oríkì, òfin ìdìbò ibẹ̀ sì dárúkọ ìwà. Ìpín 75 nínú 100 ìbò àwọn akọ̀ròyìn ni a ń béèrè. 66 ni Bonds rí ní 2022, ọdún kẹwàá tí ó sì jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ níwájú wọn, ìgbìmọ̀ kékeré tí ó tún yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní ìparí ọdún náà àti ní 2025 kò sì gbà á. Oríkì àwọn ará Cooperstown yìí kò lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ìyìn nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí kò bá lè yìn, a tì í síta. Oríkì tiwa a máa dárúkọ ìjà, gbèsè àti ìtìjú baba ńlá nínú èémí kan náà tí ó fi ń dárúkọ ogun tí ó ṣẹ́. Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran.

Bí wọ́n bá ní kí àwa kọ pátákó Bonds, a ó kọ 762 sí i, a ó sì kọ BALCO sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó sọ ní 2003 àti ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ní 2015, àti ọdún tí àwọn aláṣẹ eré náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara wò. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ sídìí pátákó Ruth, kí a fi ìlà kan kún un nípa 1947.