Yorùbá Ronú: Kí Ni Kí A Rò Kí A Tó Dìbò?

Láàárín gbogbo eré orí ìtàgé tí a ti ṣe ní èdè Yorùbá, bóyá ni a lè rí èyí tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ará ìlú lẹ́nu tó Yorùbá Ronú ti olóògbé Hubert Ògúǹdé. Bí ọdún ìbò bá ti ń sún mọ́lé, orúkọ náà a tún jí dìde: olóṣèlú a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò a gbé àwo orin rẹ̀ sí i, ẹni tí a kò tí ì bí ní ọdún 1964 tí eré náà jáde a sì máa pè é bí ẹni ń pa òwe. Nítorí náà ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí eré náà ní kí a rò gan-an, àti bóyá ìrònú náà tó fún ẹni tí ó dúró níwájú àpótí ìbò, tàbí fún ẹni tí ó jókòó sílé lọ́jọ́ náà tí ó ní òun kò lọ síbi kankan. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìtàgé nìkan. Nígbà ìbò ààrẹ ti oṣù kejì ọdún 2023, orúkọ 93,469,008 ni ó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò ní Nàìjíríà. Ìbò tí a dì kò pé 25,000,000. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́rin tí ó forúkọ sílẹ̀ jọ, nǹkan bí mẹ́ta nínú wọn ni kò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí àkókò tí a ṣe eré náà. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láti ọdún 1962, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wọ ẹ̀wọ̀n ní 1963, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni ó sì ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ni a kọ́kọ́ gbé eré náà kalẹ̀. Ìtàn ọba kan ni, Fìwàjoyè, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ó fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́, tí òun náà sì gba ìjọba. Ìjọba ọ̀dàlẹ̀ yìí di ti ìnilára. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pa á, a sì dá ọba sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó wo eré yìí ní 1964 tí ó ń fẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà kò wá ògbufọ̀: ó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúǹdé ní gbogbo agbègbè rẹ̀. Ògúǹdé fi eré mìíràn dá wọn lóhùn. Ó pe èyí ní Òtítọ́ Korò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àbùkù iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí fìlà fún ẹni tí ó ṣe é. Iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ni ó fi wewu. Òṣèré tí ó ń ti ìlú kan dé ìlú kan, tí owó ìwọlé sì jẹ́ ohun tí ó fi ń bọ́ ilé, ni a ti ìlẹ̀kùn gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ lójú. Bákan náà ni ọgbọ́n rẹ̀ nípa orin ìṣíde. Ó mọ̀ pé wákàtí mélòó kan ni ènìyàn fi ń wo eré, ṣùgbọ́n pé orin ni yóò bá a délé, tí yóò máa kọ nínú oko àti lẹ́yìn ọmọ. Títí di òní, àwọn tí ó lè sọ ìtàn Fìwàjoyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀. Àwọn tí ó mọ orin náà kò lóǹkà.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ará ìlú ń ṣe nínú eré yìí? Wọ́n ń jìyà, wọ́n ń sọkún, lẹ́yìn náà wọ́n ń pa ọ̀dàlẹ̀. Láàárín ẹkún àti idà, a kò rí iṣẹ́ mìíràn tí a fún wọn ṣe. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Fìwàjoyè pé ìlú wo ni ó ń kọ́, tàbí lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀ pé kí ni yóò fi owó orí ṣe. Ta ni olóòótọ́, ta ni ọ̀dàlẹ̀: ìbéèrè kan ṣoṣo nìyí, òun ni ó sì gbé gbogbo ìbéèrè ìyókù mì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ni àwọn àgbà wí. Ohun tí mo rí ni pé orin náà mú ojú wa kún fún omi jù láti rí kànga tí ó gbẹ lẹ́yìn ilé.

Ìtàn fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé ọ̀nà tí eré náà là. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 a dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èrú tí ó wọ inú ìbò náà kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, wẹtíẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀: a ń da epo sí ilé àti ènìyàn, a ń ṣáná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 àwọn ológun gba ìjọba. N kò sọ pé eré ni ó dá iná náà. Ìbò tí a jí ni ó dá a. Mo kàn ń sọ pé ọ̀nà méjì tí eré náà mọ̀, ẹkún àti ìpànìyàn, ni àwọn ènìyàn náà rí níwájú wọn nígbà tí a gba ẹ̀kẹta lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kẹta náà ni ìbò, mo sì fẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀, nítorí ó ní ìmọ̀ràn nínú tí Ògúǹdé kò lò. Ìbò ti wà lọ́wọ́ babaláwo kí òyìnbó tó gbé àpótí dé. Nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Èkó, ní 1923, ọkùnrin tí ó ń rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni òfin gbà láàyè; ṣùgbọ́n ìbò ti Ifá, àti olówó àti tálákà, àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń dì í. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì lò ó níbi tí a ti yan Mátíà rọ́pò Júdásì. Kì í sì í ṣe ọ̀ràn ilé nìkan ni a fi ń ṣe: ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí ọmọ oyè bá pọ̀, àwọn afọbajẹ a gbé orúkọ wọn lọ síwájú Ifá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe títẹ̀ka sórí ìwé ní ìdìbò kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ó wá dáfá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó. Babaláwo kò gbọ́ ọ. Odù jáde. Lẹ́yìn èyí ni ìbò dé: owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni náà á fi ọ̀kan sí ọwọ́ kan, á di àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, Ifá yóò sì sọ ọwọ́ tí kí ó ṣí. Bí Ifá bá fọre, a kò dúró níbẹ̀. A ó tún béèrè: ire wo ni? Ọ̀pọ̀ babaláwo ni ó ní bí wọ́n ti ń tò ó: àìkú ni ó ń ṣáájú, ajé, aya tàbí ọkọ, ọmọ àti ìṣẹ́gun a sì máa tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbò tirẹ̀, títí a ó fi mọ èyí tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹni tí kò bá ní ìbéèrè kò rí ìdí láti di ìbò mú.

N kò rí ìwé ètò ìlú kan tí ó to ọ̀ràn orílẹ̀-èdè dára jù báyìí lọ. Àìkú ni kí a kọ́kọ́ bi olóṣèlú: ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 a pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìjọ Àgùdà kan ní Ọ̀wọ̀, lórí ìsìn ọjọ́ Àìkú gan-an, àgbẹ̀ tí ó ń bẹ̀rù àjínigbé kò lè gbin iṣu. Ajé tẹ̀ lé e: ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó epo sì ju ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀, gàrí pẹ̀lú mọto gbéra tẹ̀ lé e. Ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní yunifásítì ní 2022 kò ní gbàgbé oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, tí ẹ fi jókòó sílé nígbà tí àwọn olùkọ́ yín daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun ni ó kẹ́yìn nínú ètò yìí. Nínú ìṣèlú wa òun ni ó ń ṣáájú. Ẹ wo orúkọ tí a ń fi pe ẹgbẹ́: Ọlọ́pẹ, Alákùkọ, lóde òní ẹgbẹ́ ọlọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ alágboòrùn. Àmì tí a yà sórí ìwé nítorí ẹni tí kò kàwé ni gbogbo wọn, ohun tó dára sì ni; ṣùgbọ́n orin ìpolongo kò ju pé kí àkùkọ sọ pé òun yóò ya orí ọ̀pẹ, kí ọ̀pẹ sọ pé òun yóò wó lu àkùkọ. Yorùbá Ronú pẹ̀lú, eré ìṣẹ́gun ni, bí ó tilẹ̀ fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó fi rọrùn fún olóṣèlú gbogbo, ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì, láti máa kọ ọ́ mọ́ ara wọn: olúkúlùkù ni Fìwàjoyè lójú ara rẹ̀.

Àwọn ará ìlú kan náà ti dìbò pẹ̀lú ìbéèrè rí, ó sì yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní èyí ju ti wẹtíẹ̀ lọ. Ní 1954, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera tí a kò tí ì fojú rí, ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ní ilé ara rẹ̀: àga 23 bọ́ sọ́wọ́ Alákùkọ, 18 ni ó kù fún Ọlọ́pẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ní 1956 Ọlọ́pẹ mú 48 nínú àga 80 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún méjì péré, ajé sọ̀rọ̀, ọmọ sì fèsì. Òǹkọ̀wé eré wo ni ó ti gbé èyí sórí ìtàgé?

Gbólóhùn kan tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ṣe ẹlẹ́yà, èyí tí ó gbòde ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní 2018: dìbò, kí o sebẹ̀. Ìwà ìbàjẹ́ ni títa ìbò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ó sọ ohun tí òun ń fẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlérí tí a fi bébà dídán tẹ̀ kò ṣe. Ọbẹ̀ náà ni kò tó nǹkan: ìkòkò kan láàárín ọdún mẹ́rin.

Àwọn tí ó jókòó sílé ní ìdí tiwọn, n kò sì fẹ́ bú wọn. Ẹni tí ó rí ìbò 1965, tàbí tí bàbá rẹ̀ sọ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ sì rí bí a ti ń já àpótí gbà, lè sọ pé òun kò fi oòrùn pa ara òun lásán. Níhìn-ín ni àfiwé Ifá ti ń tiro, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Nínú ìbò babaláwo, kì í ṣe ẹni tí ó di ìbò mú ni ó ń yàn, odù ni. Ọ̀pọ̀ wa ti gbé èrò yìí wọ inú ti àpótí: wọ́n á ní Ọlọ́run ni í fi ẹni tí ó wù ú jẹ, wọ́n á sì sùn. Odù kan kò sí nínú àpótí bí kò ṣe ìka àwa tí a tẹ̀ ẹ́, àti ọwọ́ àwọn tí ó ń kà á. Bí mẹ́ta bá jókòó sílé nínú mẹ́rin, ìka ẹyọ kan yòókù ni odù gbogbo wọn. Èmi rò pé kí a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ láìní ìbéèrè kankan, tí ó tẹ̀ka nítorí pé ẹgbẹ́ ilé wa ni, kò yàtọ̀ lójú mi sí ẹni tí ó sùn.

Ti kíkà náà kan ìwé ìròyìn yìí gan-an. Láti 2011 ni Àjọ Elétò Ìdìbò ti ń pe àwọn olùkọ́ yunifásítì láti wá kó èsì jọ kí wọ́n sì kéde rẹ̀, àwọn àgùnbánirọ̀ ni ó sì ń jókòó ti àpótí. Ní 2021 ilé ẹjọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan nítorí pé ó yí èsì ìbò 2019 padà. Ọ̀dàlẹ̀ inú Yorùbá Ronú wọ aṣọ oyè; èyí wọ aṣọ ìmọ̀. Bí a bá tún ń gbé eré náà sórí ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ wa, èmi yóò fẹ́ kí ẹnì kan kọ ìran kan kún un, níbi tí akọ̀wé yóò ti jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé èsì níwájú rẹ̀, ní òru.

A gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí eré náà ní oṣù kejì ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun ti Adékúnlé Fájuyì, Ògúǹdé sì padà sí àwọn ìlú tí a ti lé e kúrò. Kò sí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́ mọ́ láti sọ fún Yorùbá pé kí ó ronú. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ti túká, àpótí ìbò ti wọ àká, kò sì jáde láti fi yan ìjọba ìpínlẹ̀ títí di ọdún 1979.