Ojú Méjì Àwo Orin Kan: Bringing It All Back Home ti Bob Dylan

Ní oṣù kẹta ọdún 1965 ni Bob Dylan, akọrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àwo orin rẹ̀ karùn-ún jáde, èyí tí ó pè ní Bringing It All Back Home. Orin 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Ojú kìíní gba 7, níbi tí gìtá oníná àti ìlù ti ń dún kíkankíkan. Ojú kejì gba 4, níbi tí Dylan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà pẹ̀lú gìtá onígi àti hàmóníkà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ ti ń wí pé Dylan titun ni ó wà ní ojú kìíní, pé ti àtijọ́ ni ó ń dágbére ní ojú kejì. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú àwọn orin náà yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọdún 1963 àti 1964, Dylan ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fi ṣe agbẹnusọ. Nínú The Lonesome Death of Hattie Carroll, ó dárúkọ obìnrin tí ó kú àti ẹni tí ó fìyà jẹ ẹ́; olùgbọ́ mọ ẹni tí ó yẹ kí òun bínú sí. Nígbà tí ó yà kúrò ní ọ̀nà yìí nínú àwo rẹ̀ kẹrin, Irwin Silber, olóòtú ìwé ìròyìn Sing Out!, kọ lẹ́tà gbangba sí i ní oṣù kọkànlá 1964, ó ní inú ara rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Ẹ̀hónú náà kì í ṣe ti ọmọdé. Oṣù tí àwo titun náà jáde gan-an ni àwọn ọlọ́pàá na àwọn tí ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Selma. Silber sì gbọ́ ohun tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́: ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ yí padà, kí gìtá oníná tó wọlé rárá.

Ojú kìíní kò jẹ́ titun tó bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. Subterranean Homesick Blues jẹ Chuck Berry ní gbèsè, nítorí láti ara Too Much Monkey Business ti ọdún 1956 ni ó ti mú ìsáré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Maggie's Farm, orin alágbàṣe tí ó kọ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, yọ láti ara orin àwọn àgbẹ̀ kan tí a ti gbà sínú àwo ní 1929. Orin ẹ̀hónú ni síbẹ̀; aṣọ rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Outlaw Blues àti On the Road Again kò lẹ́ran lára. Ẹ̀rín tí wọ́n bú sí ní ìbẹ̀rẹ̀ Bob Dylan's 115th Dream, tí wọn kò pa rẹ́, dùn létí ju àwọn méjèèjì lọ.

Ní ojú kejì ni ìrìn àjò gidi wà. Nínú Gates of Eden, kò sí Hattie Carroll, kò sí adájọ́ tí a lè bú. Àwòrán ń gun orí àwòrán. Olùgbọ́ dà bí àlejò tí ó bọ́ sí àárín oríkì ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò lè bi àgbà ilé léèrè ìtàn tí ó bí oríkì. Níhìn-ín kò sí àgbà ilé, òye olùgbọ́ nìkan ni ó kù. It's Alright, Ma ju ìṣẹ́jú 7 lọ: gìtá kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí ń lé ara wọn láìsinmi. Oníṣòwò, oníwàásù, olùkọ́, kò sí ẹni tí ó yọ, ó sì ṣòro fún olùgbọ́ pàápàá láti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn aláìlẹ́bi. Ẹni tí ó bá ní Dylan ti kọ ẹ̀hónú sílẹ̀ kò tíì gbọ́ orin yìí dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni Mr. Tambourine Man kì í ṣe orin gìtá onígi nìkan, nítorí gìtá oníná tí Bruce Langhorne ń ta jẹ́jẹ́ ń tẹ̀lé ohùn Dylan nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1965, ní Newport, Dylan àti àwọn eléré oníná gun orí ìtàgé, Maggie's Farm ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Apá kan nínú èrò hó lé wọn lórí. Lẹ́yìn orin 3 wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Dylan dá padà wá pẹ̀lú gìtá onígi, Mr. Tambourine Man àti It's All Over Now, Baby Blue ni ó kọ, méjèèjì láti ojú kejì, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un.